Awọ Ìbọ̀wọ́ Tí A Sun Jẹ

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí ìbọ̀wọ́ wọ̀ mí lọ́kàn. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nígbà ọyẹ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú tiwa. Bí wọ́n ṣe ń gbé igbá ọrẹ bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò fà á yọ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ọmọńdinrín ló kọ́kọ́ dì mú, ó fà á díẹ̀. Ó bọ́ sórí ìka òrùka, ó fa ìyẹn náà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi dé àtàǹpàkò. Ìgbà kẹfà ló tó fa gbogbo rẹ̀, tó sì yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orin rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ yẹn kò sì pẹlẹbẹ. Ó rọra ká ìka rẹ̀ kò bí ọwọ́ ẹni tó ń sùn.

Mo na ọwọ́, mo fi kàn án. Obìnrin náà yíjú padà, ó rí mi. Ìyá mi ti ń múra láti gbá mi létí, ṣùgbọ́n obìnrin náà mú ìbọ̀wọ́ náà, ó fi wọ̀ mí lọ́wọ́ lójú ìjọ. Ìka mi kò dé ìdajì rẹ̀.

"Ìbọ̀wọ́ tó bá tóbi kì í ṣe ìbọ̀wọ́ mọ́," ló sọ sí mi létí. "Àpò ni. Lọ dàgbà wá."

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ bi mí léèrè ìdí tí mo fi kọ̀ láti fọwọ́ kan ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá yìí. Àwọn kan nínú yín ní ọjọ́ ogbó ló ń ṣe mí. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Awọ àgbò kan ṣoṣo ni mo ń wá, odidi, kí n lè fi kọ́ ọmọ kan níṣẹ́ yìí kí ọwọ́ mi tó kú. Awọ yẹn ni ẹ sè sínú ìkọ́kọrẹ́. Ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìbọ̀wọ́ rírán. Aránṣọ ni mí, mo mọ búláòsì, mo mọ ìró, ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣe awọ. Nígbà tí mo di ọ̀dọ́mọbìnrin, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé kan náà fún mi ní ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì kan tó ti ya, nítorí pé ti ọ̀tún ti sọ nù. Mo mú abẹ́, mo tú u lójú rírán kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u, mo sì to gbogbo rẹ̀ sórí ẹní. Awọ mẹ́rìnlá ni mo bá nínú ọwọ́ kan. Awọ ńlá kan ló jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́ pa pọ̀. Àtàǹpàkò dá dúró ní tirẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà wà láàárín àwọn ìka, àwọn ni èmi ń pè ní awẹ́. Awẹ́ ló ń jẹ́ kí ìka ní ẹ̀gbẹ́, kó má baà rí bí ewé. Mẹ́fà tó kù kò tóbi ju èékánná lọ. Ìsàlẹ̀ ìka ni wọ́n ń gbé, níbi tí ìka méjì ti pàdé, kí awọ má baà ya bí ènìyàn bá la ọwọ́. Ẹ lọ wá ìyẹn nínú ohun tí ẹ ń rà lórí fóònù.

Ọdún méjì ni mo fi ba awọ jẹ́ kí n tó rán èyí tó ṣe é wọ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé awọ ní ìwà. Kí n tó gé e, n ó fi aṣọ tútù dì í láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Lẹ́yìn náà ni n ó máa fà á ní gígùn lórí etí tábìlì, títí kò fi ní lè nà mọ́. Ìbọ̀wọ́ tó bá ṣì ń nà ní gígùn, kí oṣù tó parí, ìka rẹ̀ á ti gùn ju ìka ẹni tó ni ín lọ. Ní ìbú nìkan ló gbọ́dọ̀ máa nà. Awọ máa ń ké bí a bá ń fà á, ohùn kékeré kan, wúyẹ́wúyẹ́, bí ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ilé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tó bá ti dákẹ́, ó tó. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìgbà tó dákẹ́ yóò já a. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́ta ni mo fi ń rán an, ojú rírán méjìlá nínú ínǹṣì kan, kò gbọdọ̀ dín.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú jù. Àgbò òyìnbó, òwú ló wà lára rẹ̀, òwú yẹn a sì máa jẹ́ kí awọ rẹ̀ rọ̀ bí kànrìnkàn. Àgbò tiwa kò ní òwú, irun ló ní. Abẹ́ irun yẹn, awọ dì pọ̀, ó dán, ó fẹ́lẹ́, kò sì tètè ya. Kò sí awọ tó dára jù ú lọ fún ìbọ̀wọ́ obìnrin. Àwọn tó mọṣẹ́ yìí lókè òkun mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wá a kiri. Àwa tó ni ín ń kó igi jọ, a ń fi iná jó o, a ń fi ọ̀bẹ họ ọ́, a sì ń jẹ ẹ́.

Nígbà tiwa, a ń gbà á sílẹ̀. Èmi àti Sàláwà ni. Ọmọ oníṣòwò, Mùsùlùmí látìrandíran ni Sàláwà, èmi jẹ́ ọmọ ìjọ tó fẹ́ Mùsùlùmí, ìbọ̀wọ́ ló sì sọ wá di ọ̀rẹ́. Ó wá rán ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, kò sì lọ mọ́. Bí Iléyá bá ti dé, tí wọ́n ti ń bọ̀ láti yídì, Sàláwà á ti wà lójú ọ̀nà, á máa ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn. Mo máa ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú iyọ̀ nínú agbọ̀n.

"Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará ilé," á wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dáná. Ẹ bá mi bó o."

"Alhájà, ẹran ni mo rà, n kò ra aṣọ," bàbá kan dá a lóhùn lọ́dún kan.

"Ẹran yín wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ni mo tọrọ."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìjọ tó dúró yìí, ló fẹ́ rán an mọ́ ìyàwó lọ́wọ́."

Bàbá náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọmọ ìjọ ti wá ń bá wa du awọ àgbò Iléyá. Ọjọ́ ìkẹyìn ti dé nìyẹn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bó o. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rí awọ. N ó fi iyọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí pé oòrùn ọ̀sán kan ti tó láti ba awọ jẹ́. Sàláwà á kó o lọ bá àwọn aláwọ ní Sábó, àwọn tó ń fi èso igi bàgàrúwà ṣe é kó lè rọ̀, kó má sì jẹrà, á sì padà wá ní funfun bí ọ̀rá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń yé. Obìnrin kan wá láti Odogbolu, ó gbé abọ́ ńlá tó bò dáadáa lórí. Ó ní òun gbọ́ pé mo ń gba awọ àgbò. Mo ṣí abọ́ náà. Ó ti sun awọ, ó ti họ ọ́, ó ti bọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ ti gé e sí wẹ́wẹ́.

"Mo ti bá yín fọ̀ ọ́ mọ́, mà," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Kí iṣẹ́ yín lè yá."

Sàláwà ní kí n má bínú, ó kàn jókòó, ó bu iyọ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò mọ̀ pé obìnrin Odogbolu yẹn ni gbogbo ayé máa padà dà.

Iṣẹ́ ìyàwó ló pọ̀ jù. Ìyàwó tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́ awọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, àwọn ìyá á máa fi ẹnu gbé e kiri. Ọgbọ́n kan wà nínú ìbọ̀wọ́ ìyàwó. Ìka òrùka ọwọ́ òsì, a kì í rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tán. A ó fi sílẹ̀ kí ìyàwó lè yọ ìka jáde, kí wọ́n fi òrùka sí i, kó sì dá a padà, láìbọ́ ìbọ̀wọ́. Ti ìyàwó àkọ́kọ́ tí mo rán fún, inú awọ ni mo fi ṣe ojú nígbà tí mo ń gé e, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì la. Nígbà tó di ojú pẹpẹ, àlùfáà di ọwọ́ òsì mú, ìka kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ọkọ ìyàwó bá a fà á. Ìbọ̀wọ́ yọ lódidi lẹ́ẹ̀kan náà, àtíkè tí mo dà sínú rẹ̀ sì fọ́n lu aṣọ àlùfáà. Àlùfáà wo àyà rẹ̀, ó ní, "A ti fi àtíkè kí mi káàbọ̀ bí ìyá ọmọ tuntun." Ìjọ rẹ́rìn-ín títí orin fi bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú yẹn ló kọ́ mi láti máa fi òwú pupa sàmì sí òsì kí n tó gbé àlùmọ́gàjí.

Mo tún rán fún àwọn ìdílé tó ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣin yàtọ̀. Àárín ọmọńdinrín àti ìka òrùka ni okùn ìjánu ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni mo ń fi awọ ìkejì sí. Obìnrin kan nínú wọn bèèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí mo fi ń ṣe ìyọnu lórí ibi tí ojú kì í tó. Mo ní kó gun ẹṣin rẹ̀ lọ kó sì bọ̀. Nígbà tó dé, kò bèèrè mọ́. Àwọn ènìyàn ìgbà yẹn máa ń wo ìdí nǹkan. Wọ́n á gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á fi èékánná họ ojú rírán. Ìjẹ̀bú tó bá ra nǹkan láìyẹ inú rẹ̀ wò, àwọn ẹbí á máa bèèrè ẹni tó bí i.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí mọ́. Àwọn aláwọ Sábó kú tán, àwọn ọmọ wọn ń ta fóònù. Ọkọ mi kú, Sàláwà tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó ń ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn mọ́ lọ́jọ́ Iléyá. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi wú, kò lè ti abẹ́rẹ́ mọ́. Ọwọ́ èwe kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n sọ ọ́ kí èwe àti àgbà lè máa ran ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kèrègbè wà nílẹ̀, ọwọ́ èwe kò sí nítòsí. Ọmọbìnrin mẹ́fà ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kò sí ọ̀kan tó dé ibi àtàǹpàkò. Gbogbo wọn ló ní ó le.

Káfáyà, ọmọ Ràsákì ọmọ mi, nìkan ló kù. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n yín ni, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìjagun. Ọmọ náà ní ọwọ́. Bí ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ló wá jókòó tì mí.

"Màmá, ìparí ọdún ni mò ń lọ sí Èkó, iṣẹ́ ń dúró dè mí níbẹ̀. Bí ẹ bá máa kọ́ mi, kẹ́ ẹ kọ́ mi báyìí. Ṣùgbọ́n awọ gidi ni mo fẹ́. Ẹ má fi rọ́bà kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. Rọ́bà kì í kọ́ni níṣẹ́. Kì í ké, kì í nà ní ìbú ju gígùn lọ, kò ní ìwà tí a lè mọ̀. Mo pe Ràsákì, mo ní àgbò ọdún yìí, kí wọ́n bó o, kí wọ́n má ṣe sun ún. Ó ní, "Kò burú, Màmá." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fèsì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ra iyọ̀ sílẹ̀.

Ní àárọ̀ Iléyá, mo lọ kí àwọn ọmọ Sàláwà kú ọdún. N kò pẹ́ níbẹ̀. Kí n tó yà sí àdúgbò wa ni mo ti ń gbọ́ òórùn irun tó ń jóná. Mo sọ fún ara mi pé ilé ẹlòmíràn ni. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti gbé ẹ̀yìn àgbò náà lé iná, ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ na sókè.

"Màmá, ẹ má bínú," ìyàwó Ràsákì wí. "Àwọn tó wá pa á ló dáná. Wọ́n ní àgbò tí a bá bó máa ń dà bí èyí tí a jí."

Ràsákì ní, "Màmá, awọ náà ló máa ń dùn jù nínú ìkọ́kọrẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò ná."

"Mo mọ̀ pé ó ń dùn, Ràsákì. Ẹyin náà ń dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹyin kò ní rí òròmọdìẹ."

"Ṣé nítorí awọ ni gbogbo èyí?"

 Mo wọ yàrá mi lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, Káfáyà dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ dúdú kan tó dé ìgbọ̀nwọ́, orúkọ òyìnbó kan wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Ojúde Ọba. Mo gbà á, mo yí inú rẹ̀ síta. Kò sí awẹ́. Wọ́n gé ojú àti ẹ̀yìn bí ọwọ́ tí ọmọdé fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ra.

"Ta ló rán èyí?"

"Wọn kò rán an, Màmá. Ẹ̀rọ ló lẹ̀ ẹ́. Dìsáínà ni."

"Kí ni dìsáínà?"

"Ẹni tó ro bó ṣe máa rí."

"Kó padà lọ tún un rò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó sì wọ̀ ọ́ lọ. Mo ń retí pé kó bó lójú oòrùn. Mo ń retí pé kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì bi í pé irú kí lèyí. Kò bó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, àwòrán náà sì wà lórí gbogbo fóònù. Àwọn obìnrin tí mo rán ìbọ̀wọ́ fún nígbà kan ló ń fi ránṣẹ́ sí mi, pé ọmọ mi mà gbé iṣẹ́ mi yọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n. Ohun tó ṣe mí nìyẹn, kì í ṣe rọ́bà. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ mọ́, àwọn gan-an tó ń fi èékánná họ ojú rírán.

Káfáyà fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lọ́jọ́ kẹta sí i, ó gbé nǹkan sínú ọ̀rá. Ó ti lọ sí Ayépé, ilé bàbá àgbàlagbà kan tó dá àgbò rẹ̀ pa, tó sì bó o nítorí pé kò ní igi tó pọ̀. Ihò ọ̀bẹ mẹ́ta ló wà láàárín awọ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ti ń jẹrà níbi tí iyọ̀ kò dé.

"Ó máa tó, Màmá?"

Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Awọ tó dára máa ń tó èèyàn méjì, ọ̀tún àti òsì. "Á tó ọwọ́ kan," ni mo wí. "Òsì."

"Kí ni a ó ṣe sí ọ̀tún?"

"Tún lọ bẹ ẹlòmíràn pé kó ṣaláìní igi."

Mo fi bàgàrúwà ṣe é fúnra mi nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé, ó gbà wá ní oṣù kan. Èmi ló gé e. Káfáyà ló ti kọ́kọ́ fà á lórí tábìlì, ó sì gbọ́ ìgbà tó dákẹ́ kí n tó sọ fún un. N kò yìn ín, ṣùgbọ́n mo yíjú sápá kan. Ọ̀sán Sátidé mẹ́fà ló ti wá rán an. Ìka ìlábẹ̀ gba Sátidé méjì. Ti àárín gba ọ̀kan, ti òrùka gba ọ̀kan, ọmọńdinrín náà gba ọ̀kan. Ojú rírán rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ínǹṣì kan níbẹ̀rẹ̀, ó di mọ́kànlá nígbà tó dé ọmọńdinrín.

Lánàá ló kan àtàǹpàkò. Ó rán an wọlé, ó kọjú sẹ́yìn. Ó tú u. Ó tún rán an, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún tú u. Awọ kì í gbàgbé abẹ́rẹ́. Gbogbo ihò tó bá ti lù ló máa wà níbẹ̀ títí láé. Ní ìgbà kẹta, etí rẹ̀ ya láti ihò kan dé èkejì, gẹ́gẹ́ bí bébà tí wọ́n lu kí ó lè rọrùn láti já. Káfáyà gbé e lé itan. Mo wá inú àṣẹ́kù awọ náà wò bóyá ibì kan wà tó tóbi tó láti gé òmíràn. Kò sí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ sí Èkó.

Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi bí mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe: awọ àgbò Ayépé, ọwọ́ òsì, ínǹṣì méje yípo, ojú rírán mọ́kànlá. Ìka mẹ́rin ló parí, nínú mẹ́wàá.